James Webb ń gbéra lọ́jọ́ Kérésì, ọmọ mẹ́tàlélógún fẹ́ wò ó nílé mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Tíṣà Ìjàpọ̀ · 22 Oṣù Kejìlá 2021, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún.

Àwọn tó ti ń bá mi bọ̀ níbí mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ̀rọ̀ awò awọ̀nàjínjìn James Webb, tí wọ́n fẹ́ fi rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé lọ sí òfurufú, fún àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Àkúrẹ́. A ti ya àwòrán rẹ̀ sórí páálí. A gé fóìlì sí onígun mẹ́fà méjìdínlógún, a lẹ̀ wọ́n mọ́ra bí afárá oyin. Àwọn ọmọ wọ̀nyí mọ awò náà bí ẹní mowó.

Ìṣòro mi rèé. Mo sọ fún wọn pé ọjọ́ 18 ni. Wọ́n sún un sí 22. Wọ́n tún sún un sí 24. Lánàá, wọ́n ní ojú ọjọ́ kò dára ní Kourou, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà yóò ti gbéra, ó di ọjọ́ Kérésì gan-an, aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú lọ́sàn-án ní àkókò tiwa. Láàárọ̀ yìí ni ọmọ ọdún méje kan dúró níwájú mi, ó ní, "Àǹtí, ṣé rọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn wà lóòótọ́?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra.

Mo fẹ́ kí wọ́n wò ó ní ojú ẹsẹ̀ tó bá ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ mẹ́tàlélógún ni wọ́n, èyí tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, èyí tó dàgbà jù jẹ́ mẹ́rìnlá. Ìsìn yóò parí ní nǹkan bí aago méjìlá. Ìrẹsì wà nílẹ̀ láti sè. Iná kò ṣeé gbọ́kàn lé, íńtánẹ́ẹ̀tì náà kò ṣeé gbọ́kàn lé. Báwo ni kí n ṣe é? Kí sì ni kí n sọ fún àwọn kéékèèké tí yóò yé wọn?

Mo tún fẹ́ bèèrè pé nígbà tó bá gbéra, kí ni ká jọ pariwo lédè Yorùbá?

Màmá Aláàrò · 8:31 alẹ́

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni tèmi. Ẹ má jẹ́ kí ìrẹsì àti rọ́kẹ́ẹ̀tì pàdé. Ọmọ tí ebi ń pa kò ní wo òfurufú, ìkòkò ni yóò máa wò. Ẹ bu ìrẹsì fún wọn kí aago kan tó lù, kí ẹ sì fi ẹran pamọ́ di ẹ̀yìn ìgbà tó bá ti gbéra. Ọmọ tó bá mọ̀ pé ẹran ń bọ̀ kò ní sá lọ sílé.

Délé Ọ̀yọ́ · 8:36 alẹ́

Màmá! Ẹran tó ń dúró de rọ́kẹ́ẹ̀tì! Bí wọ́n bá tún sún un ńkọ́?

Màmá Aláàrò · 8:38 alẹ́

Wọn kò lè sún ẹran Kérésì, ọmọ mi. Ìyẹn a máa gbéra lásìkò.

Wáyà Òṣogbo · 9:20 alẹ́

Àǹtí Tíṣà, ẹ fi ti iná àti íńtánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún mi, iṣẹ́ mi nìyẹn. Bọ́ọ̀lù, ìsìn, ìgbéyàwó, mo ti gbé gbogbo rẹ̀ sórí ògiri fún èèyàn.

Èkíní, ẹ má yá projector. Aago kan ọ̀sán ni, oòrùn yóò wà nílẹ̀ gbalaja. Àfi tí yàrá bá ṣókùnkùn biribiri, ẹ kò ní rí nǹkan kan ju ògiri funfun lọ. Tẹlifísàn tó fẹ̀ díẹ̀ ló dára, kí ẹ sì gbé e sókè kí àwọn tó jókòó lẹ́yìn lè rí i. Àwọn kéékèèké sórí ẹní níwájú, àwọn àgbà ọmọ sórí bẹ́ǹṣì.

Ẹ gba agbára iná sínú kọ̀ǹpútà alágbèéká kan láti alẹ́ ọjọ́ 24, kí ó kún. Bí iná bá lọ lójijì, tẹlifísàn yóò kú ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò ní kú, ẹ ó sì lè yí i sí àwọn ọmọ kí ẹ tó tan jẹnẹrétọ̀. Jẹnẹrétọ̀ náà, ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé. Èéfín rẹ̀ kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré níbi tí ọmọdé pọ̀ sí.

Ní ti dátà, ọ̀sán Kérésì ni gbogbo ayé ń pe ara wọn, íńtánẹ́ẹ̀tì á máa fà. Ẹ ní síìmù méjì láti iléeṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí dátà wà lórí méjèèjì. Ẹ dín àwòrán YouTube kù sí 360p, ó tó fún ìran yìí. Ẹ sì ṣí i láti aago méjìlá tí ètò náà bá bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró di aago kan kọjá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lọ́la, ní aago kan ọ̀sán géérégé, ẹ fi fídíò mìíràn dán gbogbo rẹ̀ wò. Wáyà HDMI ni kí ẹ lò, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé pé fóònù yóò fi afẹ́fẹ́ ránṣẹ́ sí tẹlifísàn.

Bàbá Bọ́lá · 9:47 alẹ́

Mo kí yín, Tíṣà. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ní dùn mọ́ yín, ṣùgbọ́n mo ní láti sọ ọ́. Ẹ má kó àwọn ọmọ jọ wò ó ní ojú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbéra ná, kí ẹ wá fi fídíò rẹ̀ hàn wọ́n lálẹ́.

Irú rọ́kẹ́ẹ̀tì yìí náà, Ariane 5, mo rántí ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e gbéra láti Kourou níbẹ̀, 4 Oṣù Kẹfà 1996. Kò lo ìṣẹ́jú kan péré lókè tó fi fọ́ yángá. Nọ́ńbà kan nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló tóbi ju àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un lọ, ni ẹ̀rọ tó ń tọ́ ọ sọ́nà bá dákẹ́. Nọ́ńbà kan ṣoṣo! Ọmọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé fóìlì, tó wá rí i tí iná gbé e lọ lọ́jọ́ Kérésì, kò ní gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Houston · 10:25 alẹ́

Bàbá Bọ́lá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Òótọ́ lẹ sọ nípa 1996, ṣùgbọ́n ìrìn àkọ́kọ́ nìyẹn. Láti 2003 títí di òpin 2017, Ariane 5 gbéra ní ohun tó lé ní ìgbà 80 léraléra láìkùnà lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbé ẹrù yìí lé e lórí. Kò sì sí ènìyàn nínú rẹ̀.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Níbi tí mò ń gbé yìí, wọn kò gbàgbé 28 Oṣù Kìíní 1986. Olùkọ́ kan, Christa McAuliffe, wà nínú Challenger, ọkọ̀ òfurufú tó fọ́ lókè lọ́jọ́ náà, nítorí náà àwọn ọmọ iléèwé pọ̀ tó ń wò ó. Èèyàn méje ló kú. Síbẹ̀, àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ṣì ń wo rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ohun tí mo rò pé ó yẹ ni kí Tíṣà sọ fún wọn ṣáájú pé ó lè kùnà, kí ó má fi pamọ́. Ohun tí ènìyàn bá ti mọ̀ pé ó ti ṣẹlẹ̀ tán kò lè mú àyà já bí èyí tí a kò tíì mọ ibi tó máa já sí.

Ẹ kọ àwọn àkókò yìí sílẹ̀, Tíṣà. Ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn tó bá gbéra kí rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá méjì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó já bọ́. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta ààbọ̀, ìborí tó wà lórí rẹ̀ yóò là sí méjì, yóò ṣubú, Webb yóò wà ní gbangba òfurufú. Ó di nǹkan bí ìṣẹ́jú kẹtàdínlọ́gbọ̀n kí awò náà tó kúrò lára rọ́kẹ́ẹ̀tì pátápátá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dìde kí ó tó di ìgbà yẹn, nítorí kámẹ́rà kan wà lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó máa fi ẹ̀yìn rẹ̀ hàn bó ṣe ń lọ. Kò sí ẹni tó tún máa fojú kan awò yẹn báyẹn mọ́.

Bàbá Bọ́lá · 10:52 alẹ́

Mo gbọ́. Mo fara mọ́ ọn bí Tíṣà bá sọ fún wọn ṣáájú. Kí ó sọ ọ́ kedere o, kí ó má fi ṣàwàdà.

Ọmọ FUTA · 23 Oṣù Kejìlá, 7:05 àárọ̀

Àǹtí Tíṣà, ẹ káàárọ̀. Àkúrẹ́ lẹ wà, ẹ kò sì tíì sọ fún wọn pé FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ wa níbí, náà ti ní sátẹ́láìtì tó dé òfurufú? NigeriaEduSat-1! Àpótí kékeré ni, sẹ̀ǹtímítà 10 ní gbogbo ìhà, ó wọ inú àpò báàgì iléèwé. Japan ni wọ́n ti gbé e gbéra ní 2017.

Ẹ̀gbọ́n Houston · 7:40 àárọ̀

Àbúrò, inú mi dùn pé o mú un wá, ṣùgbọ́n jẹ́ ká tún un ṣe. Ní Japan ni wọ́n ti kọ́ ọ, ní Kyushu Institute of Technology. Florida ló ti gbéra, 3 Oṣù Kẹfà 2017, lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì Falcon 9, lọ sí ibùdó òfurufú àgbáyé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti tú u sílẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Kò dá lọ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ghana, Mongolia, Bangladesh àti Japan jọ lọ ni.

Ọmọ FUTA · 7:44 àárọ̀

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo ti gbà á bẹ́ẹ̀. Àǹtí, mo ní páálí tí mo gé sí ìwọ̀n rẹ̀ gẹ́lẹ́, mo lè gbé e wá lọ́jọ́ Kérésì kí àwọn ọmọ gbé e lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu ẹran tèmi sílẹ̀.

Ọmọ Kétu · 9:12 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. Kútọnu ni mò ń gbé. Ẹ jẹ́ kí n fi etí Faransé tèmi ràn yín lọ́wọ́, nítorí ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ni Kourou wà, èdè Faransé ni wọ́n fi ń ka nọ́ńbà sẹ́yìn níbẹ̀. Ẹ ó gbọ́ "dix, neuf, huit" títí dé "deux". Lẹ́yìn náà, wọn kì í sọ "un" bí àwa ṣe ń sọ ọ́ lọ́jà, "unité" ni wọ́n ń sọ.

Ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń ṣì í nìyí o. Bí wọ́n bá ka nọ́ńbà tán, Ariane 5 kò ní gbéra lójú ẹsẹ̀! Ẹ̀rọ àárín rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Vulcain, ni yóò kọ́kọ́ gbiná. Kọ̀ǹpútà yóò yẹ̀ ẹ́ wò fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá méje láti mọ̀ bóyá ara rẹ̀ dá. Bí kò bá dá, wọ́n lè pa á. Ṣùgbọ́n àwọn méjì ẹ̀gbẹ́, bí wọ́n bá ti gbiná, kò sí ẹni tó lè pa wọ́n mọ́. Ìgbà tí àwọn yẹn bá gbiná ló máa tó gbéra. Tíṣà, bí àwọn ọmọ bá pariwo lẹ́yìn "unité", wọn yóò pariwo fún rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ṣì dúró sílẹ̀, àwọn kan á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé ó ti bà jẹ́.

Délé Ọ̀yọ́ · 9:20 àárọ̀

Mo ti rí ojútùú! Ẹ kà sẹ́yìn láti ẹ̀wá dé ení. Lẹ́yìn náà, ẹ kà síwájú láti ení dé èje. Ní èje, kí ẹ pariwo.

Ọmọ Kétu · 9:23 àárọ̀

Délé, o gbọ́n! Gbogbo ọmọ ló ti mọ ení bí ení, èjì bí èjì.

Wáyà Òṣogbo · 9:31 àárọ̀

Kíkà yẹn dára, ṣùgbọ́n ẹ fetí sí tẹlifísàn, ẹ má wo aago ọwọ́. Ohun tó bá dé orí YouTube ti pẹ́ díẹ̀ sẹ́yìn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an.

Délé Ọ̀yọ́ · 9:40 àárọ̀

Kí wá ni ariwo náà? Mo dìbò fún "Ó gbéra!"

Màmá Aláàrò · 9:44 àárọ̀

"Gbéra sọ!" Àwọn òbí wa ló ń fi í jí wa láàárọ̀. Kò sí ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n.

Ọmọ FUTA · 9:50 àárọ̀

Màmá, àṣẹ nìyẹn, ẹ ń pàṣẹ fún rọ́kẹ́ẹ̀tì! Èmi ní tèmi, "Ó dàbọ̀ o!"

Bàbá Bọ́lá · 10:02 àárọ̀

Rárá o. Ẹ gbọ́ èdè yín dáadáa. "Ó dàbọ̀" ni pé ó di ìgbà àbọ̀. Webb kò ní bọ̀. Hubble, awò òfurufú tó ṣáájú rẹ̀, wà nítòsí, àwọn ènìyàn gun òkè lọ tún un ṣe ní 1993, ṣùgbọ́n ibi tí èyí ń lọ, kò sí ẹni tó lè tẹ̀ lé e. Fún ẹni tó ń rìnrìn àjò, a ní "àlọ ire, àbọ̀ ire". Fún Webb, ẹ mú àbọ̀ kúrò níbẹ̀. "Àlọ ire!"

Tíṣà Ìjàpọ̀ · 10:15 àárọ̀

Bàbá, ẹ ti ṣe é. Ní èje, àwọn ọmọ yóò pariwo "Gbéra sọ!" Nígbà tó bá kúrò lára rọ́kẹ́ẹ̀tì, "Àlọ ire!" A ó fi ọ̀sán yìí kọ́ wọn.

Tóbi_Tuntun · 11:30 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ṣé yóò máa yí ayé ká bíi Hubble ni? Kí ló dé tí wọn kò wulẹ̀ tún Hubble ṣe?

Ìyá Físíìsì Ifẹ̀ · 1:10 ọ̀sán

Tóbi, ẹ káàbọ̀. Kò ní yí ayé ká. Hubble kò jìnnà sí wa ju nǹkan bí kìlómítà 550 lọ, bí ènìyàn bá ní kí ó fi mọ́tò wọn ọ́n, kò tó Èkó sí Kánò. Webb ń lọ sí ibi tó tó kìlómítà mílíọ̀nù kan ààbọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ọ̀nà òṣùpá. Oòrùn ni yóò máa yí ká, ní ẹ̀gbẹ́ wa, bí ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ rìn ní òdìkejì ọ̀nà.

Tíṣà, ọ̀rọ̀ tí ẹ bèèrè nípa àwọn kéékèèké ni mo fẹ́ fi àkókò sí, nítorí ibẹ̀ ló dùn jù. Àwọn ọmọ mi ní kíláàsì máa ń bèèrè ìdí tí awò yìí fi nílò òtútù. Mo ní kí ẹ lọ sídìí ààrò lálẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa iná. Ẹ di ojú. Ẹ na ọwọ́ sí i láìfọwọ́ kàn án. Ṣé ẹ mọ̀ pé iná wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ojú kò rí i, ara rí i. Webb ń fi ojú rí ohun tí ara wa ń rí. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ àtijọ́ ti rìn jìnnà débi pé ó ti nà, ó ti di ooru fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ gbóná kò lè mọ ooru díẹ̀ lára ẹlòmíràn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe agboòrùn onípele márùn-ún fún un, tó fẹ̀ tó pápá tẹníìsì, tí ìpele kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì tín-ín-rín bí irun orí. Ìhà oòrùn lè gbóná dé 85 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìhà kejì yóò tutù dé nǹkan bí 233 sísàlẹ̀ òdo.

Nípa pé ó ń wo àtijọ́, ẹ rán wọn létí ẹni tó ń la igi ní òdìkejì odò. Ẹ ó rí àáké tó balẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ "gbà!" Ohùn náà ti pẹ́ lọ́nà. Ìmọ́lẹ̀ náà ń pẹ́ lọ́nà. Ti oòrùn ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Èyí tí Webb ń wá ti wà lójú ọ̀nà fún ohun tó lé ní bílíọ̀nù ọdún 13.

Mo tún gbàgbé wúrà! Dígí rẹ̀ fẹ̀ ní mítà mẹ́fà ààbọ̀, wúrà ni wọ́n fi kùn ún, ṣùgbọ́n gbogbo wúrà náà kò ju nǹkan bí gíráàmù 48 lọ. Àwọn ìyàwó kan wà ní Ifẹ̀ níbí tí wọ́n ń fi jù bẹ́ẹ̀ lọ sọ́rùn lọ sí òde.

Oníṣòwò Agbeni · 2:25 ọ̀sán

Ẹ má bínú sí ìbéèrè mi o. Wọ́n ní bílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là ni gbogbo rẹ̀. Ṣé ooru ìràwọ̀ tó owó yẹn?

Ẹ̀gbọ́n Houston · 3:00 ọ̀sán

Kò sí ẹni tó máa bínú. Ó lé ní 20 ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é, Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti Kánádà ló pawọ́ pọ̀ ṣe é. Kì í ṣe òfurufú ni wọ́n ti ná owó náà, ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń jẹun lórí ilẹ̀ ló bọ́ sí.

Oníṣòwò Agbeni · 3:12 ọ̀sán

Kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn tán. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin mi ti ní òun fẹ́ wò ó, nítorí náà ẹ bá mi kọ aago náà síbí.

Délé Ọ̀yọ́ · 3:13 ọ̀sán

1:20 ọ̀sán, ọjọ́ 25. Ààyè tí wọ́n fún un kò kọjá 1:52. Ẹ mú ẹran dání.

Ẹ̀gbọ́n Houston · 24 Oṣù Kejìlá, 8:30 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ti dúró sí ibi tó ti máa gbéra láti àná. Kò tíì sí ìròyìn ìsúnsíwájú tuntun.

Màmá Aláàrò · 8:34 àárọ̀

Ẹran náà ti dé láti ọjà. Ó kù sọ́wọ́ wọn.

Tíṣà Ìjàpọ̀ · 25 Oṣù Kejìlá, 12:22 ọ̀sán

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún! Ìsìn ti parí. Wọ́n ti ń jẹ ìrẹsì. Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, wọ́n pe àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn.

Tíṣà Ìjàpọ̀ · 12:58 ọ̀sán

Iná ti lọ!

Wáyà Òṣogbo · 12:59 ọ̀sán

Ẹ má sáré. Kọ̀ǹpútà lákọ̀ọ́kọ́, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn.

Ọmọ FUTA · 1:06 ọ̀sán

Mo wà níbí, mo ti tan jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ọgbà. Tẹlifísàn ti padà.

Ọmọ Kétu · 1:20 ọ̀sán

UNITÉ! Ẹ kà síwájú!

Délé Ọ̀yọ́ · 1:20 ọ̀sán

ení èjì ẹ̀ta ẹ̀rin àrún ẹ̀fà èje

Màmá Aláàrò · 1:20 ọ̀sán

GBÉRA SỌ!!!

Bàbá Bọ́lá · 1:21 ọ̀sán

Ó ti kọjá ìṣẹ́jú kan. Ẹ ṣeun Olúwa.

Ẹ̀gbọ́n Houston · 1:24 ọ̀sán

Ìborí ti là. Ó ti wà ní gbangba.

Oníṣòwò Agbeni · 1:48 ọ̀sán

Ọmọ mi ní kí n kọ ọ́ pé ÀLỌ IRE.

Ìyá Físíìsì Ifẹ̀ · 1:51 ọ̀sán

Ṣé ẹ rí i bó ṣe na apá tó ń gba iná oòrùn jáde? Ṣé ẹ rí bó ṣe kọ mànà lójú oòrùn? Mo ń sunkún níbí, ìdílé mi ń wò mí.

Tíṣà Ìjàpọ̀ · 9:15 alẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fìdí kalẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n jábọ̀.

Kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, mo sọ fún wọn bí Bàbá Bọ́lá ṣe wí, pé ó lè kùnà. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ọmọ kan béèrè bóyá àwọn tó ṣe é yóò sunkún. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Láti ìgbà yẹn, kò sí ẹni tó ṣeré mọ́.

Méjì nínú àwọn kéékèèké pariwo ní "unité", ṣùgbọ́n àwọn àgbà ọmọ fi ọwọ́ bò wọ́n lẹ́nu, wọ́n ń kà síwájú lọ. Ní èje ni èéfín funfun bo gbogbo ojú tẹlifísàn. Ariwo tí wọ́n pa mú kí àwọn ará ilé kejì sáré wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn náà sì jókòó.

Ohun kan tí ẹni tó bá tún fẹ́ ṣe irú èyí gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé fóònù tí mo fi ń fún kọ̀ǹpútà ní íńtánẹ́ẹ̀tì, òun náà ni àwọn ẹbí fi ń pè mí láti kí mi kú ọdún. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ìpè bá wọlé, àwòrán a dúró. A pàdánù ìgbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ já bọ́. Ọmọ FUTA ló yára fi síìmù kejì rọ́pò rẹ̀. Ẹ lo fóònù tí ẹnikẹ́ni kò mọ nọ́ńbà rẹ̀.

Páálí NigeriaEduSat-1 náà ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ ní gbogbo ìgbà tí à ń retí kí awò náà já. Ọmọ ọdún méje tó bi mí ní ìbéèrè lọ́jọ́sí ni kò fẹ́ gbé e sílẹ̀. Ó mú un dání lọ sílé, Ọmọ FUTA ní kí a fi í sílẹ̀ fún un.

Wáyà Òṣogbo · 9:32 alẹ́

Ọ̀rọ̀ ìpè yẹn, èmi ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Ẹ kú àmójútó, Àǹtí.

Ẹ̀gbọ́n Houston · 29 Oṣù Kejìlá, 6:50 alẹ́

Ìròyìn ayọ̀ dé, ẹ̀yin èèyàn mi. Ariane gbé e sójú ọ̀nà tó tọ́ débi pé epo tí Webb ì bá fi tún ọ̀nà ara rẹ̀ ṣe ṣẹ́kù sínú rẹ̀ dáadáa. NASA ní epo náà yóò tó o lò ju ọdún mẹ́wàá lọ. Bàbá Bọ́lá, ẹ gbọ́ ṣá!

Bàbá Bọ́lá · 7:14 alẹ́

Mo gbọ́, inú mi sì dùn. Ṣùgbọ́n agboòrùn yẹn kò tíì ṣí. Ibẹ̀ ni ọkàn mi wà báyìí.

Tíṣà Ìjàpọ̀ · 7:30 alẹ́

Ibẹ̀ náà ni ọkàn àwọn ọmọ wà. Wọ́n ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti na agboòrùn tiwọn láàárín ọgbà, ìpele márùn-ún, ẹnì kan ní igun kọ̀ọ̀kan. Ìró mẹ́ta ni mo rí kó jọ. Màmá Aláàrò, ọ̀dọ̀ yín kò jìnnà, ṣé a lè rí méjì yá?

Màmá Aláàrò · 7:36 alẹ́

Ẹ rán ọmọ wá gbà á láàárọ̀ ọ̀la. Ọ̀kan ti ṣá díẹ̀, ẹ fi ìyẹn sí ìhà oòrùn.